Láúńjì Tó Mọ Àlejò Tọ́jú

Ẹni tó bá ti Èkó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà rí á mọ̀ pé inú ọkọ̀ òfurufú kọ́ ni ìnira ìrìnàjò náà pọ̀ sí. Nínú ọkọ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ fún ọ, wọ́n á fún ọ ní aṣọ ìbora, wàá sùn, wàá jí. Ibi tí ìyà wà ni àárín ọkọ̀ kìíní sí ìkejì, nígbà tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan, tí ẹsẹ̀ ti wú, tí ojú ń ta, tí ọkọ̀ tó kàn sì ṣì ku wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Àga irin ni wọ́n tò sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n tún fi irin pààlà sí i láàárín kí ẹnikẹ́ni má baà nà gbalaja. Ìkéde ò dákẹ́, iná ò kú, ọmọ ọwọ́ ń ké.

Nítorí irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá láúńjì sílẹ̀: gbọ̀ngàn ìsinmi tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, tó ní àga tìmùtìmù, oúnjẹ, omi gbígbóná àti ibi tí èèyàn ti lè wẹ̀. Owó ló ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀, yálà owó tíkẹ́ẹ̀tì ńlá, owó káàdì báǹkì, tàbí owó tí èèyàn san lójú ẹsẹ̀. Mo ti jókòó nínú oríṣiríṣi wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì já mi kulẹ̀. Ìrìnàjò tí èmi àti màmá mi jọ lọ sí Houston ló jẹ́ kí n mọ ìdí rẹ̀ dájú, nítorí ara àgbà kì í purọ́. Bí ibì kan bá tù wọ́n lára, wàá rí i lójú wọn. Bí kò bá tù wọ́n, wàá gbọ́ lẹ́nu wọn.

Àbúrò mi obìnrin ló bímọ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an. Màmá ní dandan ni kí àwọn lọ wẹ ọmọ náà fúnra àwọn. Orúnkún ń dùn wọ́n, dókítà sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ jókòó sójú kan pẹ́ jù, ni mo bá ní n ó bá wọn lọ. A gbéra láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1979, tí wọ́n wo Schiphol ti Amsterdam kọ́, tí wọ́n sì fi sọrí olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa ní 1976. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti wà ní ìlú ńlá kan ní Yúróòpù, níbi tí a ó ti wọ ọkọ̀ kejì. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò sì ní dárúkọ láúńjì tí a wọ̀ níbẹ̀, nítorí irú rẹ̀ kún ayé.

Ìlà la kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ na ọwọ́, mo fi káàdì báǹkì mi sí i, ó fi kan ẹ̀rọ. Ó ní káàdì náà gba ẹnì kan ṣoṣo, pé kí n san dọ́là 35 fún ẹnì kejì. Mo san án. Màmá kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà ti na ọwọ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

Inú kún. A rìn yípo lẹ́ẹ̀kan, a tún rìn yípo lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí èèyàn ò bá jókòó sí, ẹrù ló jókòó síbẹ̀. A rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fi màmá jókòó, èmi dúró. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn náà bá ṣí, wọ́n á ká ẹsẹ̀ kò. Mo ki wáyà fóònù mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, kò gbé iná. Lórí tábìlì oúnjẹ, búrẹ́dì wà níbẹ̀, bisikíìtì wà níbẹ̀, wàràkàṣì tí wọ́n dì sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹyin tí wọ́n ti pò láti òwúrọ̀, tí wọ́n gbé sórí iná kékeré títí etí rẹ̀ fi gbẹ, tó sì lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Ohun tí màmá ń fẹ́ kò ju omi gbígbóná lọ, kí wọ́n fi lo oògùn wọn. Mo dé ìdí ẹ̀rọ tíì, mo bá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé kò ṣiṣẹ́. Mo béèrè ilé ìwẹ̀, wọ́n ní kò sí. Mo wá ibi tí wọ́n kọ géètì ọkọ̀ wa sí, mi ò rí pátákó kankan.

“Ṣé ibí lo sanwó sí?” Màmá bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. “Jẹ́ ká jáde síta, ọmọ mi. Mo rí àga gbọọrọ kan níwájú fèrèsé nígbà tí à ń bọ̀. Ó kéré tán, mà á lè na ẹsẹ̀ mi.”

A jáde. Àga tí wọ́n rí kò ní irin láàárín, oòrùn àárọ̀ sì ń ta sí i. Ẹni tó ń ta tíì nítòsí ibẹ̀ bu omi gbígbóná fún wa nínú ife, kò gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni màmá ti lo oògùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti sùn lọ.

Kí ló wá fà á tí ibi tí a fi owó wọ̀ fi burú ju ìta tí wọn ò ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni? Ẹni tó bá fẹ́ lóye rẹ̀ ní láti mọ bí láúńjì ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀ lónìí.

Ní 1939, nígbà tí wọ́n ṣí pápákọ̀ LaGuardia ní New York, iléeṣẹ́ American Airlines dá Admirals Club sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni láúńjì àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ṣe. C. R. Smith ni ọ̀gá iléeṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ìwé ìpè ló ń múni wọ ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: iléeṣẹ́ á yan àwọn tí wọ́n kà sí èèyàn pàtàkì, á sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè san owó ẹgbẹ́. Ẹni tó gbàlejò nígbà náà mọ ẹni tó ń gbà, ó sì mọ ohun tó ń fẹ́ lára rẹ̀: kí onítọ̀hún tún wọ ọkọ̀ òun lọ́la.

Ní 1992, ètò tí wọ́n ń pè ní Priority Pass dé. Láti ìgbà náà, èèyàn lè ra ẹ̀tọ́ àtiwọ láúńjì ní ìlú púpọ̀ láyé láìka ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀ sí. Àwọn báǹkì rí i pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, ni wọ́n bá ń fi irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kún káàdì olówó ńlá tí wọ́n ń fún wọn. Báǹkì tiwa ní Nàìjíríà náà ò gbẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ oníkáàdì tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láúńjì tiwọn: American Express ṣí Centurion Lounge àkọ́kọ́ ní Las Vegas ní 2013, Capital One ṣí tirẹ̀ ní Dallas ní 2021.

Èrò wá ya lù wọ́n. Ní 2022, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta ṣòfin pé, yàtọ̀ sí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ kejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ Sky Club, láúńjì wọn, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣì ku ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó gbéra. American Express ní irú òfin wákàtí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejì 2025, Delta tún ní ẹni tó bá mú káàdì Platinum ti American Express wá kò lè lo Sky Club ju ọjọ́ 10 lọ lọ́dún, àfi bí ó bá ná owó rẹpẹtẹ lórí káàdì náà. Iye tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún ti ju iye àga tó wà nínú ilé lọ.

Síbẹ̀, èrò púpọ̀ nìkan kọ́ ló ń ba láúńjì jẹ́. Bí ètò káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Bí o bá fi káàdì wọlé, ẹni tó ni láúńjì á gba iye kan lórí rẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni ètò náà. Iye yẹn ò yí padà, ìbáà jẹ́ àwo oúnjẹ mẹ́ta lo jẹ, ìbáà jẹ́ omi lásán lo mu. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí kò ní láúńjì tirẹ̀ ní ìlú kan náà á bá ẹlòmíràn ṣe àdéhùn, á máa san owó lórí èrò rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ra bísínẹ̀ẹ̀sì kíláàsì pàápàá lè bá ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan náà. Èrè onílé wà nínú kí èèyàn púpọ̀ wọlé, kí wọ́n sì jẹ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ olóúnjẹ ìdí mọ́tò ni. Ó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì rẹ fẹ́ gbéra, ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí o má tún gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ó sì mọ̀ pé bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀. Olóúnjẹ àdúgbò ò lè dán irú ẹ̀ wò, nítorí bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá kan lónìí, kò sẹ́ni tí yóò yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Láti ọjọ́ tí èmi àti màmá jáde síta yẹn, nígbà tí mo bá fẹ́ wọ láúńjì, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ẹni tó ni ín. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló ni ín, tí pápákọ̀ náà sì jẹ́ ojúkò iṣẹ́ wọn, orúkọ wọn ló wà lára ògiri, àwọn ni ojú yóò sì tì bí ibẹ̀ bá dọ̀tí. Bí ó bá jẹ́ ti alágbàṣe tó ń gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ṣèwádìí dáadáa kí n tó na káàdì. Mo mọ àwọn alágbàṣe tó ń ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwà onílé ló ń mú wọn ṣe é. Ètò owó náà ò fi dandan lé e.

A dé Houston láyọ̀. Màmá wẹ ọmọ, wọ́n fi omi gbígbóná nà án, wọ́n fi ìpara pa á lára, wọ́n ki oríkì rẹ̀ lọ́wùúrọ̀ lálẹ́. Ní ilé àbúrò mi, bí àlejò bá ti wọlé, omi tútù ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà “Ẹ kú ìrìn,” lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bi í ohun tó bá wá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lóhùn-ún pàápàá ti mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a padà, àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ màmá tún jìyà. Wọ́n ra bísínẹ̀ẹ̀sì kíláàsì ti Turkish Airlines fún àwa méjèèjì, láti Houston dé Istanbul, láti Istanbul dé Èkó.

Pápákọ̀ òfurufú Istanbul tuntun yìí ṣí ní 2018. Ní oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ èrò láti Atatürk tó jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ wá síbẹ̀. Ó fẹ̀ gan-an, ìrìn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọkùnrin kan ti màmá lórí àga onítáyà láti ẹnu ọkọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà láúńjì, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ dìde, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba fún màmá kó tó béèrè ìwé wa. Màmá náà tẹrí ba. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti kí ara wọn tán.

Èrò pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ àyè gbà wá, nítorí wọ́n pín gbọ̀ngàn náà sí ojú oríṣiríṣi. Àwọn tó fẹ́ jẹun ní ibi tiwọn, àwọn tó fẹ́ sinmi wà ní apá ibi tí ariwo àwo kì í dé. A jókòó sí ibi tí màmá ti lè gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan. Tíì dé nínú gíláàsì kékeré tí ìbàdí rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbóná débi pé etí rẹ̀ nìkan lèèyàn lè dì mú. Kí a tó mu ún tán, òmíràn ti dé.

Ohun tó gba àkíyèsí màmá jù ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe gözleme. Ẹnì kan dúró sídìí pátákó, ìyẹ̀fun funfun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó bu ìyẹ̀fun pípò bí ìkúùkù ọmọdé, ó fi ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i, ó ń yí i, ó ń tẹ́ ẹ, títí ó fi fẹ́lẹ́ tó sì fẹ̀ ju abọ́ lọ. Ó wọ́n ẹ̀fọ́ gígé àti wàrà sí ìdajì rẹ̀, ó ṣẹ́ ìdajì kejì bò ó, ó gbé e lé orí irin ribiti tó gbóná. Nígbà tí ó yí i padà, ojú dúdú kéékèèké ti hàn lára rẹ̀, òórùn bọ́tà sì gba gbogbo ibẹ̀. Màmá dìde lórí àga onítáyà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n lọ dúró síwájú rẹ̀.

“Èyí tí mo rí bí wọ́n ṣe ń sè é ni mà á jẹ,” ni wọ́n wí.

Ọ̀nà jíjìn la ti ń bọ̀, wọn ò sì jẹ nǹkan gidi kan nínú ọkọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pupa tí wọ́n ń pè ní mercimek tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Mo wá lọ béèrè ilé ìwẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀, wọ́n sọ ìgbà tí yóò kàn wá, nígbà tó sì kàn wá, wọ́n wá pè wá. Ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kò sí irun ẹnikẹ́ni níbẹ̀, táwẹ́lì mímọ́ wà lórí pẹpẹ, omi náà sì gbóná lóòótọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé màmá ò lè dúró pẹ́, wọ́n wá àga kan fún wa. Màmá wẹ̀, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n kírun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sùn, ìbòrí wọn bò wọ́n lójú. Nígbà tí àkókò tó, ọmọkùnrin tó ti àga wọn padà wá fúnra rẹ̀, ó ti mọ géètì wa, a ò wá a kiri.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó jẹ́ góòlù. Wọ́n gbà wá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún wa ní àyè, wọ́n tọ́jú ara tó rẹ̀, wọ́n fún wa ní oúnjẹ tí ìlú wọn ń jẹ, wọ́n sì mú ọkàn wa kúrò lórí ọkọ̀. Láúńjì tó bá ṣe márààrún yìí yẹ fún owó ẹni. Èyí tó bá ṣe mẹ́ta nínú wọn, mo lè jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Èyí tí kò bá ṣe ju kí ó ní ọtí ọ̀fẹ́ lọ, kí onítọ̀hún kúkú mú owó rẹ̀ lọ ra oúnjẹ gidi níta.

Ọ̀rọ̀ àyè ló le jù, nítorí ó gba kí onílé kọ owó. Láúńjì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà pé ibẹ̀ ti kún, kí o padà wá tó bá di ìgbà báyìí. Ó lè dun èèyàn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n gba owó rẹ kí wọ́n wá fi ọ́ sílẹ̀ lórí ìdúró lọ. Ní ti ìtọ́jú ara, ibi tí èèyàn lè fara tì, omi gbígbóná, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti iná tí kò mú ojú ni ara ń fẹ́. Lufthansa ṣe ti mímú ọkàn ẹni kúrò lórí ọkọ̀ dé góńgó ní Frankfurt, níbi tí wọ́n ti kọ́ odindi ilé sọ́tọ̀ fún èrò fáàsì kíláàsì ní 2004. Mọ́tò ló ń gbé wọn láti ibẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ òfurufú. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ò lè tó o, síbẹ̀ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò wọ́n: kí ẹnì kan sọ fún àlejò pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, a ó pè yín.”

Oúnjẹ ìlú ni mo gbà pé ó ń fi láúńjì kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn. Ní Bole, ní Addis Ababa, ojúkò iṣẹ́ Ethiopian Airlines tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbà kọjá, láúńjì wọn ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe kọfí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé: wọ́n ń fi ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn sè é, wọ́n sì ń dà á sínú ife kéékèèké. Injera tó jẹ́ oúnjẹ ìlú wọn náà wà níbẹ̀. Ní Hong Kong, Cathay Pacific ní ibi tí wọ́n ti ń se núdù fún èèyàn lójú ẹsẹ̀ nínú láúńjì The Pier, wọ́n sì gbé àṣà náà dé Terminal 3 ní Heathrow. Ní Helsinki, Finnair fi sauna, ìyẹn yàrá ooru, sínú láúńjì, nítorí kò sí bí ọmọ Finland ṣe lè gbàlejò tí kò ní ronú kan ooru. Ẹni tó bá kọjá ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ti fi ẹnu tàbí ara kan ìlú náà, bí kò tilẹ̀ jáde sí ìgboro. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì inú ọ̀rá kò lè sọ ìlú tí èèyàn wà fún un.

Èyí tó kẹ́yìn ni ènìyàn. Ọ̀yàyà ju oúnjẹ lọ, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Mo sì ti rí i pé ibi tí wọ́n bá ti ń fi ojú òṣìṣẹ́ gbolẹ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbálẹ̀, tó ń kó àwo, tó tún ń bu oúnjẹ, kò sí bí ọ̀yàyà yóò ṣe wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò dá màmá lóhùn ní Yúróòpù kò burú. Ìlà tó wà níwájú rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé orí sókè. Ọ̀gá rẹ̀ ló yẹ ká bá wí, ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni òun gbé lé ọ̀kan lọ́wọ́.

Ẹni tó ń lọ nílò ìmọ̀ràn tó ṣeé lò. Kí o tó sanwó, béèrè ohun mẹ́rin: ṣé ilé ìwẹ̀ wà, ṣé oúnjẹ gbígbóná wà, wákàtí mélòó ni wọ́n á gbà ọ́ láàyè, àti pé ṣé ibi tí ọkọ̀ rẹ yóò ti gbéra ni láúńjì náà wà. Ìbéèrè kẹrin yìí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn yọ, nítorí ní pápákọ̀ mìíràn, láúńjì tó wà ní gbọ̀ngàn kejì ń béèrè pé kí o tún la àyẹ̀wò kọjá. Bí ìdúró rẹ ò bá tó wákàtí méjì, má wulẹ̀ ná owó. Bí o bá sì ní àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré lọ́wọ́, kọ́kọ́ wọlé wò ó fúnra rẹ kí o tó san tiwọn.

Kí o sì wo ìta náà dáadáa, nítorí àwọn pápákọ̀ kan ti tọ́jú gbogbo èrò débi pé láúńjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò mọ́. Changi ní Singapore ní ọgbà labalábá, ó sì ní ilé sinimá ọ̀fẹ́. Ní Incheon, ní Kòríà, ilé ìwẹ̀ ọ̀fẹ́ wà fún ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ kejì. Ní Hamad, ní Doha, yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà níbi tí èèyàn ti lè fara tì láìsan kọ́bọ̀, àti ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní The Orchard, tí wọ́n ṣí ní 2022, níbi tí igi gidi ti ń hù lábẹ́ òrùlé. Ní Istanbul náà, ẹni tí ìdúró rẹ̀ bá wà láàárín wákàtí 6 sí 24 lè bá ètò Touristanbul ti Turkish Airlines wo ìgboro lọ́fẹ̀ẹ́, bí fisà rẹ̀ bá gbà á. Èrò ìkọ́nómì náà ní ẹsẹ̀ tó ń wú, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí ibi tí wọ́n ti rántí ìyẹn.

Ó kan àwa náà nílé. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún gbọ̀ngàn 1979 tó wà ní Ìkẹjà kọ́. Láúńjì yóò wà nínú rẹ̀, ó dá mi lójú. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n má lọ ra búrẹ́dì àti wàràkàṣì inú ọ̀rá wá sí Èkó. Ní Salvador, ní Bahia, àkàrà tí àwọn baba ńlá wa gbé kọjá òkun ni wọ́n ṣì ń dín ní gbangba títí dòní, tí wọ́n ń pè ní acarajé, ìjọba Brazil sì ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sílẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ara ogún orílẹ̀-èdè wọn. Àwa tí a ni àkàrà kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún àlejò. Kí obìnrin kan jókòó sídìí agbada níbẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí mọ́ínmọ́ín eléwé wà lọ́sàn-án. Kí wọ́n fi àdìrẹ Abẹ́òkúta àti òfì Ìsẹ́yìn ṣe àga àti ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Kí àga ìnàsẹ̀ wà fún àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ nílẹ̀ òkèèrè. Kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, kí wọ́n sì san owó wọn lásìkò, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè ráyè gbé orí sókè sọ pé, “Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Accra tàbí Johannesburg, kí ó lè sọ nílé rẹ̀ pé òun ò rí ìgboro Èkó, ṣùgbọ́n Èkó tọ́jú òun.